Bathurst lórí Òkè Panorama: ìgbà wo gan-an ni ìdíje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ibẹ̀ wà ní góńgó ògo rẹ̀?

Akọ̀wé-Mọ́tò kọ pé:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ìdíje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti Bathurst, ìlú kan tó wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Sydney, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Kì í ṣe àwọn ọkọ̀ eléré oníjókòó kan ṣoṣo, tí wọn kò lè rìn ní títì ìgboro, ni mo ń sọ. Ọkọ̀ tí ará ilé ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ àti ọjà ni mo ní lọ́kàn. Ìbéèrè mi ni pé ìgbà wo ni ìdíje náà lọ́lá jù lọ? Èmi dúró lórí rẹ̀ pé láti 1963 sí 1972 ni, nítorí pé ní ọdún mẹ́wàá yẹn, ọkọ̀ tó ń sáré lórí òkè àti ọkọ̀ tí òǹwòran gbé síwájú ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júwe ibẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Òkè Panorama, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Wiradjuri ń pè ní Wahluu, wà létí ìlú Bathurst gan-an. Nígbà ọ̀dá owó tó mú gbogbo ayé ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, Martin Griffin tó jẹ́ olórí ìlú náà sakun kí ìjọba lè fi owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti pèsè iṣẹ́ fún àwọn aláìníṣẹ́ la ọ̀nà ìgbafẹ́ kan yí òkè náà ká. Wọ́n ṣí ọ̀nà náà ní oṣù kẹta ọdún 1938, nígbà tí Àjíǹde ọdún yẹn sì dé, eré ìje ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyípo kan lé ní kìlómítà 6, láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó sì jẹ́ mítà 174. Ọ̀nà kan náà ni àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀bá rẹ̀ ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde.

Ìdíje 500 máìlì tí a ń sọ kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Phillip Island, ní ìpínlẹ̀ Victoria, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá a ní 1960, lábẹ́ orúkọ Armstrong, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì mọ́tò. Nígbà tó di 1962, ọ̀dà ojú ọ̀nà ibẹ̀ ti fọ́ yánkanyànkan, wọ́n sì gbé ìdíje náà lọ sí Bathurst ní 1963. Òfin rẹ̀ le, ó sì rọrùn láti lóye: bí ọkọ̀ ṣe wà ní ilé ìtajà ni kí ó ṣe wà lórí pápá. Iye owó tí ẹnikẹ́ni lè fi rà á ni wọ́n fi pín àwọn ọkọ̀ sí ìpele, kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnì. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá wà lára wọn. Ford Cortina GT ti Bob Jane àti Harry Firth ló borí ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, Cortina ló sì tún borí ní 1964 àti 1965. Àwọn àgbà tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn nígbà náà yóò rántí Cortina dáadáa. Ẹ sọ èrò yín fún mi.

Ọ̀gá-Mẹkáníìkì kọ pé:

Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Èmi yóò bá yín sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí iṣẹ́ mi wà.

Ohun tó mú kí òkè yẹn ṣòro fún ọkọ̀ lásán ni pé gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń dán wò, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ ti lè sinmi. Bí ẹ bá kúrò ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó yà sí òsì ní kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Hell Corner, lẹ́yìn náà ẹ ó máa gun òkè lọ ní Mountain Straight, ẹ́ńjìnì yóò sì máa ké. Ibi tí wọ́n ń pè ní The Cutting ga débi pé mítà kan ni ẹ ó fi gòkè nínú mítà mẹ́fà tí ẹ bá rìn. Bí ẹ bá dé òkè pátápátá, ní McPhillamy Park àti Skyline, ọ̀nà yóò ṣàdédé dà wálẹ̀, ẹ kò sì ní rí ohun tó wà níwájú títí tí ẹ ó fi já wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kọ́nà tó tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí kan The Dipper, yóò gbé yín dé Forrest's Elbow. Conrod Straight ló tẹ̀ lé e, ọ̀nà tààrà tó sún mọ́ kìlómítà méjì, tó ń lọ sí ìsàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara kọ́ńróòdù ẹ́ńjìnì kan tó já níbẹ̀ ní 1939. Ọkọ̀ yóò fi gbogbo ipá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, awakọ̀ yóò wá tẹ bíréèkì kíkankíkan ní Murray's Corner, ìgbà 130 ni yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí 500 máìlì tó pé.

Ẹ rò ó wò pé bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn ní lẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ní in níwájú pẹ̀lú. Bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, irin rẹ̀ yóò fẹ̀, láínìnì kò ní dì í mú mọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì kanlẹ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí Mini fi bá wọn fínra ní 1966. Morris Cooper S kékeré, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju 1,275 sí-sí lọ, ní bíréèkì onídísìkì níwájú àti táǹkì epo méjì, ó sì fúyẹ́ débi pé kì í jẹ táyà. Rauno Aaltonen, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, àti Bob Holden ni wọ́n gbé èyí tó gba ipò kìíní. Kì í ṣe ipò kìíní nìkan o: Mini ló gba gbogbo ipò láti ìkíní dé ìkẹsàn-án! N kò rí ìdíje ńlá mìíràn tí ọkọ̀ kékeré ti ṣe àwọn àgbà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-Ọ̀yọ́ kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ yín, n kò fara mọ́ ọn pé ògo parí ní 1972. Ọdún yẹn gan-an ni mo rí i pé ó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọdún yẹn ni awakọ̀ tí ń jẹ́ Peter Brock kọ́kọ́ borí.

Brock gba ife Bathurst ní ìgbà mẹ́sàn-án: 1972, 1975, 1978, 1979, 1980, 1982, 1983, 1984 àti 1987. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tó tó o. Láti 1973 ni wọ́n ti sọ ìdíje náà di 1,000 kìlómítà, ìyípo 163, awakọ̀ kan ṣoṣo kò sì tún lè gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ́. Ní 1979, òun àti Jim Richards gbé Torana A9X ti Holden, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Ọsirélíà, wọ́n sì fi odindi ìyípo mẹ́fà ṣíwájú ẹni tó ṣe ipò kejì. Ẹlòmíràn ìbá ti dẹ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí ọkọ̀ má bàa bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ìyípo tó kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí kò sí ohun kankan tó ń lé e, Brock sáré ju bí ẹnikẹ́ni ti sáré rí lórí òkè náà nínú ìdíje ọkọ̀ irú èyí. Mo máa ń ronú lórí ìyípo yẹn gan-an. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dénú nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n Channel 7 gbé kámẹ́rà sínú ọkọ̀ Toyota Celica ti Peter Williamson, tí àwọn òǹwòran nílé fi rí ọwọ́ awakọ̀ lórí sítíárì bí ìdíje ti ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó jókòó sílé kò lè mọ bí òkè náà ṣe dà wálẹ̀ tó.

Ẹ má sì gbàgbé ìfagagbága Ford àti Holden. Ní 1977, Allan Moffat àti Jacky Ickx wá síwájú nínú Falcon, Colin Bond àti Alan Hamilton sì tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí nínú Falcon kejì, ọkọ̀ Ford méjèèjì jọ gba ìlà ìparí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdílé tó wà lẹ́yìn Holden lọ́jọ́ yẹn kò lè jẹun alẹ́ pẹ̀lú inú dídùn. Ṣé ìgbà yìí ni ẹ fẹ́ pè ní ìgbà tí ògo ti lọ?

Ará-Sydney kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará. Sydney ni mo ń gbé, mo sì ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá nínú ọkọ̀ ara mi. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí Ọ̀gá sọ nípa ibẹ̀.

Bí kì í bá ṣe àkókò ìdíje, ẹnikẹ́ni lè wakọ̀ lórí rẹ̀ láìsanwó. Kìlómítà 60 ní wákàtí kan ni òfin gbà láàyè, ọlọ́pàá sì máa ń ṣọ́ ọ gidigidi, nítorí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá débẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, bí i títì mìíràn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ọ̀nà náà ṣe tóóró tó lókè lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ògiri kọ̀ǹkéré ní apá ọ̀tún àti òsì. Ohun kejì ni bí ó ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ní The Dipper. Mo rọra ń lọ, síbẹ̀ mo di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí mo wá rántí pé ní ayé Cortina àti Mini, kò sí ògiri ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, bí kò ṣe igi àti ọgbà onípákó lásán, pé bí ọkọ̀ bá yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń lọ, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn awakọ̀ yẹn lọ́nà tí n kò rò tẹ́lẹ̀.

Èmi náà fẹ́ bi Akọ̀wé ní ìbéèrè kan: kí ló dé tí ẹ fi parí tiyín sí 1972 gan-an? Ṣé nítorí pé ìyípo pọ̀ sí i ni?

Akọ̀wé-Mọ́tò kọ pé:

Ẹ ṣeun, Ará-Sydney. Kì í ṣe nítorí ìyípo rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín ọdún 1972 ni.

Kí ọ̀rọ̀ yé gbogbo wa, ó yẹ kí n sọ bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń lo òfin ìgbà yẹn. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ìdíje ti gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ̀ ọjà, ẹni tó bá fẹ́ borí ní Bathurst ní láti kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ tó lè borí, kí ó sì tà á fún ará ìlú. Ford ló bẹ̀rẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú Falcon XR GT, tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) lítà 4.7 sí, Harry Firth àti Fred Gibson sì gbé e borí. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Mini ṣe dópin. Holden fi Monaro GTS 327 dá wọn lóhùn ní 1968, Bruce McPhee sì borí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀, Barry Mulholland, kò wa ju ìyípo kan ṣoṣo lọ. Ford padà wá pẹ̀lú Falcon GTHO. Moffat, tí wọ́n bí ní Kánádà, dá nìkan wa ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní 1970 àti ní 1971, ó sì borí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1971, páálí bíà kan tí atẹ́gùn gbé wá lẹ̀ mọ́ iwájú rédíétọ̀ rẹ̀, gbogbo ayé sì rò pé ẹ́ńjìnì yóò gbóná kó tó parí. Kò gbóná. Ọkọ̀ tí ẹni tó lówó lè rà nílé ìtajà Ford ni o, kì í ṣe ọkọ̀ àkànṣe. Irú GTHO ti ọdún náà ni wọ́n pè ní Phase III: 300 péré ni wọ́n ṣe, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ lítà 5.8.

Ní oṣù kẹfà 1972, ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú kan ní Sydney gbé e síwájú pé àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ ta ọkọ̀ tó lè sá 160 máìlì ní wákàtí kan fún ará ìlú. Milton Morris, mínísítà ìrìnnà ní ìpínlẹ̀ New South Wales, bínú sí i, àwọn ìjọba sì halẹ̀ pé àwọn kò ní ra ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ford, Holden àti Chrysler, pa ètò wọn tì. Phase IV tí Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe láti tẹ̀ lé Phase III kò ju ọkọ̀ mẹ́rin lọ. Torana oní-V8 tí Holden ń pèsè kò jáde lọ́dún yẹn. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìdíje wá ṣe òfin tuntun fún 1973, wọ́n gba awakọ̀ láàyè láti pààrọ̀ ohun púpọ̀ lára ọkọ̀. Ibẹ̀ ni okùn tó so ilé ìtajà mọ́ òkè ti já. Ọmọ-Ọ̀yọ́, Brock jẹ́ akọni, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n A9X tó gbé ní 1979 kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹni tó ń wò ó lè rí bí ó ṣe rí gan-an ní títì ìlú rẹ̀.

Gíà-Márùn-ún kọ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ fàyè gba èmi tí mo kéré. Ẹ ń jiyàn bí ẹni pé kò sí ohun tó tẹ̀ lé 1984.

Ní 1985, Ọsirélíà gba òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Group A, àwọn ọkọ̀ tí kì í dé òkè yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí dé. Jaguar XJ-S oní-V12, tí Tom Walkinshaw gbé wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ipò kìíní lọ́dún náà pẹ̀lú John Goss àti Armin Hahne láti Jámánì. Goss ni awakọ̀ kan ṣoṣo tó ti gba ìdíje ńlá ti Bathurst, tó sì tún gba Grand Prix Ọsirélíà. Ní 1987, ìdíje náà di ara ìdíje àgbáyé fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ford Sierra méjì ti Eggenberger, ẹgbẹ́ kan láti Switzerland, gba ipò kìíní àti ìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé apá ara ọkọ̀ tó bo táyà iwájú kò bá òfin mu, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò, ife sì bọ́ sọ́wọ́ Brock, David Parsons àti Peter McLeod. Nissan GT-R, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń gba agbára ẹ́ńjìnì, gbá gbogbo wọn mọ́lẹ̀ ní 1991 àti 1992.

Ìgbà tí ọkọ̀ Japan, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà àti ti Ọsirélíà jọ pàdé lórí òkè kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń lo òfin kan náà, ni èmi pè ní ìgbà ògo. Ford àti Holden nìkan kò tó mi.

Ọmọ-Ọ̀yọ́ kọ pé:

Àbúrò, ẹ̀kọ́ ìtàn rẹ péye, ṣùgbọ́n wo bí 1992 ṣe parí. Òjò ńlá dé, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, GT-R tó ń ṣíwájú náà fara gbá, wọ́n dá ìdíje dúró, wọ́n sì ka èsì padà sẹ́yìn sí bí àwọn ọkọ̀ ṣe wà kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, GT-R sì tún borí. Àwọn èrò tó wà nísàlẹ̀ fi ariwo kọ̀ ọ́ fún Richards àti Mark Skaife, àwọn méjì tó wa GT-R náà. Denny Hulme, ẹni tó ti jẹ́ akọni àgbáyé Formula One ní 1967, ti kú lọ́jọ́ yẹn kan náà: ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń wakọ̀, ó sì rọra gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kọjá lọ. Inú mi máa ń bàjẹ́ pé ariwo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí ọjọ́ náà ju ikú ẹni iyì yẹn lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti padà sí V8 Ford àti Holden. Bí ìgbà ògo rẹ bá tẹ́ àwọn tó ni òkè lọ́rùn, kí ló dé tí wọ́n fi fòpin sí i?

Akọ̀wé, mo ní èsì fún tiyín pẹ̀lú. Ẹ ní okùn já ní 1973. Ẹ wá ṣàlàyé 1980 fún mi. Dick Johnson wá láti Queensland pẹ̀lú Falcon tí òun fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè lórí rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ṣíwájú Brock. Òkúta ńlá kan wà lójú ọ̀nà níbi tó ti ń gun òkè. Kò rí ibi yà sí, ó gbá òkúta náà, ọkọ̀ rún. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun kò ní owó tí òun yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń pe tẹlifíṣọ̀n láti ìpínlẹ̀ gbogbo láti dá owó fún un. Owó náà lé ní 70,000 dọ́là, Ford sì fi iye kan náà kún un. Ní 1981, Johnson padà wá, òun àti John French sì borí. Àwọn tó dá owó yẹn kò bìkítà bóyá Falcon rẹ̀ bá ti ilé ìtajà mu. Wọ́n rí ẹni bí i tiwọn tó ń jìyà, wọ́n sì nawọ́ sí i. Okùn wo ló tún lè le ju ìyẹn lọ?

Ọ̀gá-Mẹkáníìkì kọ pé:

Ọmọ-Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo yín kò tíì fọwọ́ kàn, òun náà sì wà nínú ìtàn ibẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ń lágbára sí i, Conrod Straight kò yí padà. Gegele kan wà ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ ọkọ̀ di fífúyẹ́ níbi tí eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní 1986, Mike Burgmann kú níbẹ̀ nígbà tí Holden Commodore rẹ̀ kọlu ìdènà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, òun sì ni awakọ̀ àkọ́kọ́ tó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú ìdíje yìí láti 1963. Kí ìdíje 1987 tó dé, wọ́n ti la kọ́nà tuntun kan tí wọ́n pè ní The Chase, tó gba apá ọ̀tún jáde kúrò lójú Conrod, kí ọkọ̀ lè dín eré kù ṣáájú Murray's Corner. Ọ̀nà gùn díẹ̀ sí i, ìyípo sì di 161 dípò 163. Àwọn kan ṣì ń dárò Conrod àtijọ́. Èmi kò bá wọn dárò rẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ju gegele lọ.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé mo fara mọ́ Akọ̀wé ní apá kan. Ọkọ̀ 1963 kò yára ju ojú ọ̀nà tí wọ́n là ní 1938 lọ. Láti 1967 síwájú ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀nà lọ.

Ará-Sydney kọ pé:

Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo ní ìbéèrè kékeré kan tó kù. Ọmọ-Ọ̀yọ́ ka 1972 mọ́ tirẹ̀ nítorí Brock, Akọ̀wé sì ka 1972 mọ́ tirẹ̀ nítorí òfin. Irú ọkọ̀ wo ni Brock gbé lọ́dún náà, báwo ni ó sì ṣe lè borí Falcon tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 5.8?

Akọ̀wé-Mọ́tò kọ pé:

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sì mú mi sọ nípa ẹni tí mo gbà pé òun ló ni ọdún mẹ́wàá yẹn ju awakọ̀ èyíkéyìí lọ.

Torana GTR XU-1 ni Brock gbé. Sílíńdà mẹ́fà péré ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní, lítà 3.3, pẹ̀lú kábúrétọ̀ mẹ́ta. Ní Conrod, Falcon ń fi í sílẹ̀ bí ẹni tó dúró. Ṣùgbọ́n Torana fúyẹ́ púpọ̀, nítorí náà kì í tètè jẹ bíréèkì àti táyà, ní òkè tí kọ́nà pọ̀ sí sì rèé, ó ń gba àkókò tó pàdánù padà. Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ tutù, agbára Falcon di ẹrù fún awakọ̀ rẹ̀, Brock sì tẹ̀ lé Moffat láìdẹwọ́ títí ó fi gba iwájú. Ó dá wa gbogbo 500 máìlì, òun sì ni ẹni ìkẹyìn tó dá nìkan borí níbẹ̀.

Harry Firth ló pèsè Torana yẹn. Ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìjíròrò yìí, ó sì tọ́ kí ẹ mọ bí nǹkan ṣe so pọ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe ní Melbourne. Òun àti Bob Jane ló gba ìdíje náà ní Phillip Island ní 1961 pẹ̀lú Mercedes-Benz 220SE, àti ní 1962 pẹ̀lú Falcon. Cortina 1963, ọwọ́ rẹ̀ ni. Falcon GT 1967, òun ló tún wà á. Nígbà tí Ford mú Al Turner wá láti Amẹ́ríkà láti máa darí eré ìje wọn, Firth kọjá sọ́dọ̀ Holden. General Motors ti ka eré ìje léèwọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọ́n fi orúkọ àwọn alátajà Holden dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Holden Dealer Team. Ní 1969, Falcon wá pẹ̀lú táyà eré ìje tó já wọn kulẹ̀, Monaro tí Firth pèsè fún Colin Bond àti Tony Roberts sì gba ipò kìíní. Monaro rẹ̀ kejì ṣe ipò kẹta, nínú rẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́kọ́ dé Bathurst lọ́dún náà wà, pẹ̀lú Des West. Peter Brock ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Ọmọ-Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ Firth ni Brock yín ti kọ́ iṣẹ́. Nígbà tó sì fi máa gba ife 1972, ohun tí Firth ti ń ṣe láti ayé Cortina ni ó ṣe sí Torana rẹ̀: kò fi ohun tí òfin kò gbà sí i, ó kàn yan àwọn ohun èlò tó péye jù nínú èyí tí Holden ń ṣe, ó sì fi sùúrù tò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ Melbourne tó ra XU-1 lọ́dún náà lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tiwọn kí wọ́n sì rí ẹ́ńjìnì kan náà àti kábúrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà.

Ọmọ-Ọ̀yọ́ kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo gba Firth lọ́wọ́ yín tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n 1979 àti 1980 ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì ní fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá ní àlàyé lórí 1974, nígbà tí Goss àti Kevin Bartlett borí nínú òjò tó le ju ti 1972 lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ síhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí Falcon ńlá ṣe là á já lọ́dún yẹn, nígbà tí omi ti sọ agbára rẹ̀ di ẹrù fún un ní ọdún méjì ṣáájú.